Ẹ̀sùn lórí àwòrán imú tí ẹ fi gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi

Surulere, Èkó,
Ọjọ́ 2, Oṣù Kẹrin, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé Ìwòsàn,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àmójútó àwọn aláìsàn.

Èmi ni oníbàárà tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ imú ní ọjọ́ 14, Oṣù Kẹta, tó sì sọ pé òun kò ṣe mọ́ nígbà tó ku bíi wákàtí kan kí wọ́n gbé òun wọlé. Mo ń kọ̀wé yìí láti béèrè owó àsansílẹ̀ mi, ₦600,000, tí ẹ ní ẹ kò ní dá padà, àti láti fi ẹ̀sùn kan yín lórí bí ẹ ṣe ń fi àwòrán inú ẹ̀rọ ta iṣẹ́ abẹ fún ènìyàn. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ nítorí pé Yorùbá lẹ fi ń polówó ara yín lórí rédíò tí mo ti gbọ́ nípa yín.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 8, Oṣù Kejì, ni mo kọ́kọ́ wá, n kò sì rí dókítà kankan lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin tó ń gbàlejò ló mú mi wọ yàrá kékeré kan, ó ní kí n bọ́ awò ojú mi, ó sì fi fóònù ara rẹ̀ yà mí láti ibi tó sún mọ́ mi débi pé mo ń gbọ́ òórùn míńtì tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé àwòrán náà sórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka ti ẹ̀gbẹ́ imú mi wọlé lọ́tùn-ún àti lósì bí ẹni ń mọ amọ̀, ó ń bi mí pé, "Àǹtí mi, ṣé kí n tún dín in kù?" Mo ní kó dín in kù. Ta ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Kí n tó ṣẹ́jú, igi imú mi ti ga, ihò rẹ̀ ti há, ṣóńṣó rẹ̀ ti mú. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó kọ "Imú tuntun yín rèé" sábẹ́ rẹ̀, ó sì ní ẹ̀dínwó tó wà lórí iṣẹ́ náà yóò parí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo sanwó.

Àbúrò mi obìnrin ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ yẹtí nígbà tí mo délé. Yẹtí roboto bí òrùka ni mo wọ̀ lọ sọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n nínú àwòrán yín, ó ti gùn bí ẹyin. Ìgbà tí a wò ó dáadáa la rí i pé kì í ṣe imú nìkan ni ẹ̀rọ yín fọwọ́ kàn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti tín-ín-rín, àwọ̀ mi sì ti mọ́ ju bí Ọlọ́run ṣe dá mi lọ. Ojú ẹlòmíràn ni imú tí mo sanwó fún wà. Àwòrán àkọ́kọ́ tí wọ́n yà pàápàá kò sọ òótọ́, nítorí pé ohun tó bá sún mọ́ kámẹ́rà jù a máa tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2018 pé imú tí a yà láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 a máa fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ ju èyí tí a yà láti mítà 1.5 lọ. Ẹ fẹ imú mi lójú fóònù, ẹ wá tà mí ní oògùn rẹ̀.

N kò ní ẹ̀sùn kankan sí dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni àwa méjèèjì kọ́kọ́ fojú kanra. Mo na bébà yín sí i, ó wò ó títí, ó ní, "Ta ló ṣe èyí?" Ó fi ìka méjì di ṣóńṣó imú mi mú, ó rọra yí i, ó ní awọ ibẹ̀ nípọn. Ó ṣàlàyé pé eegun àti kèrékèré (eegun rírọ̀) abẹ́ awọ ni òun lè tún ṣe, awọ kan náà ni yóò sì padà bo gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹni tó fi aṣọ òkè bo àga kò lè retí pé kí igun àga hàn bí ìgbà tó fi léèsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Bí òun yóò bá gbé igi imú ga tó ti inú àwòrán, ó ní òun ní láti gé kèrékèré láti etí mi tàbí láti ìhà mi, ìyẹn ni pé ọgbẹ́ mìíràn àti àpá mìíràn ń bọ̀. Bí ihò imú yóò bá há, a jẹ́ pé òun yóò gé díẹ̀ kúrò níbi tí imú ti pàdé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó rí àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára tó wú sókè ní apá mi, ó ní àpá iṣẹ́ abẹ náà lè wú bẹ́ẹ̀, ó sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nílé ìwòsàn yín ti bi mí nípa rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ó tún sọ pé irú imú tèmi lè wà ní wíwú fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rí bó ṣe máa rí. Àwòrán yín kò sọ ọ̀kankan nínú èyí. Ìka tó ń ti imú wọlé lójú gíláàsì kò gé nǹkan kan, kò sì rán nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ gbé tábúlẹ́ẹ̀tì, ó sún sẹ́yìn, ó yà mí láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, ó sì yí ohun kékeré kan padà lókè igi imú, tó jẹ́ pé ó ní láti gbé àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí n tó rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ibi tí mo rò pé ọwọ́ mi lè dé nìyí, ṣùgbọ́n mi ò lè búra." Mo wò ó, mo rí i pé n kò lè torí ìyẹn jẹ́ kí wọ́n fi abẹ kàn mí, mo sì dìde. Ẹ rí i pé n kò kórìíra àwòrán. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí dókítà fi lò ó yẹn ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo fẹ́ rà. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ lẹ́yìn owó sísan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀?

Nínú ìwé tí ẹ fi dá mi lóhùn ní ọjọ́ 20, Oṣù Kẹta, ẹ ní àwòrán náà "kì í ṣe ìlérí", pé ó wà lẹ́yìn rìsíìtì mi. Lóòótọ́ ni, mo fi awò ojú mi wá a rí, lẹ́tà rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ èèrà lọ. Ṣùgbọ́n "Imú tuntun yín rèé" wà níwájú, gàdàgbà. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè wa, ti ọdún 2014, sọ ní abala 23 pé kí olùtọ́jú ṣàlàyé ìtọ́jú fún aláìsàn, pẹ̀lú àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀, iye owó rẹ̀ àti ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ní èdè tí aláìsàn gbọ́ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 náà lòdì sí kí oníṣòwò fi ohun tó ń ṣini lọ́nà tajà.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ dá ₦600,000 mi padà lódindi láàárín ọjọ́ 14 sí ọjọ́ tí ẹ bá gba lẹ́tà yìí. Mo tún fẹ́ kí ẹ pa gbogbo àwòrán ojú mi rẹ́ kúrò lórí fóònù òṣìṣẹ́ yín, nítorí pé fóònù tirẹ̀ ni ó fi yà mí, kí ẹ sì fi ìwé jẹ́rìí sí i pé ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera mi ni àwòrán náà, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 sì ní kí ẹ dáàbò bo irú rẹ̀ dáadáa, èyí tí fóònù inú àpò ènìyàn kò jọ. Bí n kò bá gbọ́ látọ̀dọ̀ yín, n óò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, àti LASCOPA, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó.

Mo so ẹ̀dà rìsíìtì, àwòrán ọjọ́ 8, Oṣù Kejì, àti fọ́tò yẹtí mi bó ṣe rí gan-an mọ́ lẹ́tà yìí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.