Kí o tó tún ṣí ìwé Anne Frank fún wọn

Ìjẹ̀bú-Òde

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ará ilé rẹ ní Ṣágámù. Mo ti gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù. O ní àwọn ọmọ SS1 rẹ sunkún nígbà tí ẹ ka ìwé ìrántí Anne Frank, ọmọbìnrin Júù tó fara pa mọ́ fún àwọn Násì ní Amsterdam ní Nẹ́dálándì, dé ìparí, àti pé lẹ́yìn ẹkún náà ni ọmọkùnrin kan dìde tó ní kí ló dé tí Anne àti àwọn ẹbí rẹ̀ ò tètè sá kúrò níbẹ̀, tí gbogbo kíláàsì sì gbè é lẹ́yìn. O ní ọ̀rọ̀ náà bí ọ nínú. Má jẹ́ kí ó bí ọ nínú. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọmọ yẹn ń ríran ni. Ìbéèrè rẹ̀ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí o bá tún kọ́ ìwé náà.

Wọ́n sá. Ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ fún wọn nìyẹn. Otto Frank, bàbá ọmọ náà, ọmọ Jámánì ni, ó sì jagun fún Jámánì nínú Ogun Àgbáyé Kìíní títí ó fi di ọ̀gá láàrin ológun. Oṣù kìíní ọdún 1933 ni Hitler, olórí àwọn Násì tó kórìíra Júù, di olórí ìjọba Jámánì. (Ọdún yẹn náà ni Gbélégbùwà Kejì gorí oyè Awùjalẹ̀, sọ ọ́ fún wọn, kí wọ́n má rò pé ayé Nóà là ń sọ.) Kí ọdún náà tó parí, Otto ti kó lọ sí Amsterdam, ó sì ń ta èròjà tí àwọn ìyàwó ilé fi ń se jáàmù níbẹ̀. Anne tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin dé bá a ní oṣù kejì ọdún 1934. Nẹ́dálándì kò bá ẹnikẹ́ni jà nínú ogun àkọ́kọ́, nítorí náà ọkàn wọn balẹ̀ pé ogun kò ní dé ibẹ̀. Síbẹ̀ Otto kò fọwọ́ lẹ́rán. Ní 1938 ó béèrè ìwé àṣẹ láti wọ Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn Jámánì wá gba Nẹ́dálándì, tí wọ́n sì ju bọ́ǹbù sí ìlú Rotterdam ní oṣù karùn-ún 1940, àwọn ìwé tó wà ní ọ́fíìsì Amẹ́ríkà níbẹ̀ jóná. Ó tún gbìyànjú ní 1941, ó wá ti Kúbà, gbogbo rẹ̀ já sí pàbó.

Ọ̀rọ̀ físà kò ṣàjèjì sí ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Àwọn ọmọ rẹ mọ ẹni tó ta ilẹ̀ nítorí físà, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n dá padà ní ẹnubodè. Béèrè lọ́wọ́ wọn pé: bí gbogbo ilẹ̀kùn bá tì, níbo lẹ máa sá sí? Dákẹ́, kí o jẹ́ kí wọ́n dáhùn fúnra wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé tí wọ́n fara pa mọ́ sí, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ìwé ní Prinsengracht 263 ní Amsterdam, yóò tó yé wọn.

Èkejì, má fi àgọ́ ikú bẹ̀rẹ̀. Fi òfin bẹ̀rẹ̀, kí o sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe dé tẹ̀léra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1941, gbogbo Júù ní Nẹ́dálándì gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀. Ta ni yóò bẹ̀rù ìwé lásán? Láàrin ọdún yẹn kan náà, wọn ò gbọdọ̀ wọ sinimá, wọn ò gbọdọ̀ wẹ̀ nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí gbogbo èèyàn ń lò. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé lẹ́yìn ìsinmi ọdún yẹn, Anne kò lè padà sí ilé-ìwé rẹ̀ mọ́, àfi ti àwọn Júù nìkan. Ní oṣù karùn-ún 1942, wọ́n ní kí wọ́n rán ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè mọ́ aṣọ. Wọ́n gba kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n lé wọn kúrò nínú ọkọ̀ ojú irin ìgboro, wọ́n ní aago mẹ́ta sí márùn-ún ọ̀sán nìkan ni wọ́n lè ra nǹkan lọ́jà, wọn ò sì gbọdọ̀ wà níta láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di mẹ́fà òwúrọ̀. Ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ni ìwé wá dé pé kí Margot, ẹ̀gbọ́n Anne, ọmọ ọdún 16, wá wọ ọkọ̀ lọ sí Jámánì láti ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì wọ́n fara pa mọ́.

Kí o rí i, Àdùkẹ́, kò sí ọjọ́ kan nínú gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí tí ẹnì kan dìde tó ní òun fẹ́ pa ọmọ yìí. Ìwé ni wọ́n ń kọ, wọ́n ń lù ú ní òǹtẹ̀, akọ̀wé ọ́fíìsì ń fi orúkọ sí fáìlì. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ rí èyí ju ohunkóhun lọ. Nínú nǹkan bí 140,000 Júù tó wà ní Nẹ́dálándì, ó lé ní 100,000 tí wọ́n pa, orúkọ tí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn lọ kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi wá wọn rí.

Múra sílẹ̀ fún ohun kan tó dájú pé ẹnì kan yóò sọ. Inú Bíbélì nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ti pàdé Júù. Ọmọ kan yóò ní, "Ṣebí àwọn ló pa Jésù." Má pariwo mọ́ ọn, má sì rẹ́rìn-ín kọjá. Sọ fún un pé Júù ni Jésù, Júù ni Màríà ìyá rẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń lé àwọn Júù láti ìlú dé ìlú ní Yúróòpù fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó bí Hitler. Ìgbà tó di 1965 ni ìjọ Kátólíìkì kéde pé a kò gbọdọ̀ di ẹ̀bi ikú náà ru gbogbo Júù.

Eré tí o ní o fẹ́ kí wọ́n ṣe, tí àwọn kan yóò di sójà Násì tí àwọn kan yóò sá pamọ́ sábẹ́ tábìlì, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é. Wọn yóò fi ṣe àwàdà láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ọmọ tó jẹ́ aláìlágbára ní kíláàsì ni wọn yóò sì lé. Má fi àwòrán òkú hàn wọ́n pẹ̀lú. Máàpù ni kí o kọ́ mọ́ ògiri. Otto náà ní ọ̀kan nínú ilé tí wọ́n fara pa mọ́ sí, ó ń gún abẹ́rẹ́ sí ibi tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà bá dé lẹ́yìn tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Faransé ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà 1944. Kí àwọn ọmọ rẹ gún tiwọn. Kí wọ́n fojú ara wọn rí bí ìrànlọ́wọ́ ṣe ń súnmọ́ tòsí nígbà tí ọlọ́pàá wá kó ará ilé náà ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ.

Má parí sí ojú ìwé tó kẹ́yìn, nítorí ọmọ náà kò lè kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kó wọn lọ sí àgọ́ Westerbork ní Nẹ́dálándì, lẹ́yìn náà sí àgọ́ ikú Auschwitz. Wọ́n wá gbé òun àti Margot lọ sí àgọ́ Bergen-Belsen ní Jámánì, níbi tí àìsàn typhus tí iná, kòkòrò inú aṣọ, ń tàn kálẹ̀ (kì í ṣe táífọ́ọ̀dù tí àwa mọ̀) ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìbẹ̀rẹ̀ 1945 ni àwọn méjèèjì kú síbẹ̀. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ àgọ́ náà. Bàbá nìkan ló padà wálé nínú àwọn mẹ́jọ tó fara pa mọ́. Miep Gies tó ń gbé oúnjẹ fún wọn ló ṣa àwọn ìwé náà jọ, tó fi wọ́n pamọ́ fún un.

Kí wọ́n sì mọ̀ pé ọmọ náà kì í ṣe áńgẹ́lì. Ó ń bá ìyá rẹ̀ fa ọ̀rọ̀, ó ń gbé ẹnu sí àgbàlagbà. Ó tún mọ ohun tó ń ṣe: ní oṣù kẹta 1944 ó gbọ́ lórí rédíò láti London pé kí àwọn aráàlú tọ́jú ìwé ìrántí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tún tirẹ̀ kọ kí ó lè di ìwé tí gbogbo ayé yóò kà.

Bí wọ́n bá béèrè pé kí ló kàn wá, sọ fún wọn pé ogun yẹn kan àwa náà. Àwọn ọmọ wa lọ jagun ní Bọ́mà, ní ilẹ̀ Éṣíà. Tái Ṣólàárín ti Ìkẹ́nnẹ́ wà láàrin ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì. Ní Èkó, ìjọba dá iye owó lé gàrí nítorí ogun, Alimotu Pelewura sì kó àwọn obìnrin ọjà lẹ́yìn, ó ní àwọn kò gbà. Régbérégbé ìyá àwọn ìyá-ìyá wọn ni Anne tí wọ́n bí ní 1929. Rán wọn lọ bá àgbà tó bá ṣẹ́kù nínú ẹbí, kí wọ́n béèrè ohun tó rántí nípa ìgbà yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí wọ́n sì kọ déètì sí i.

Mo ti ká máàpù Yúróòpù mi sínú páálí. Bùọ̀dá rẹ yóò gbé e wá ní Sátidé. Etí rẹ̀ kan ti ya, lẹ̀ ẹ́ kí o tó gbé e kọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ