VM inú VM: lẹ́tà sí Àkànmú

Àkànmú ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Mo rí gbogbo ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, n kò sì dá ẹyọ kan lóhùn. Má bínú. Server tí ìwọ fúnra rẹ kó sí mi lórí ló gbà mí lọ́wọ́ ayé fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Mo ní kí n kúkú jókòó kọ lẹ́tà gidi sí ọ, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kọjá ohun tí a ń fi gbólóhùn méjì sọ.

O rántí pé mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń so server mẹ́ta pọ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni mo ní. Ìwọ lo ní kí n má wulẹ̀ ra òmíràn. O ní kí n dá VM mẹ́ta, ìyẹn kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi, sílẹ̀ lórí èyí tó wà nílẹ̀, kí n fi libvirt (tó ń bójú tó àwọn VM) àti KVM (apá Linux tó ń jẹ́ kí VM lo prọ́sẹ́sọ̀ gidi tààrà) sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí n wá dá VM kéékèèké sílẹ̀ nínú àwọn yẹn. O sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni pé omi la fẹ́ bu mu. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ kò fa wàhálà kankan. Ìgbà tí mo kan ti inú ni virt-manager, ètò tí mo fi ń dá VM sílẹ̀, kọ ọ́ sí mi lójú pé KVM kò sí, pé ó ṣeé ṣe kí VM mi máa falẹ̀. Mo ka ìkìlọ̀ náà, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń bá tèmi lọ. Ṣé o mọ̀ mí.

Ó dìde lóòótọ́ o. Ó gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ kí ó tó dé ibi tí yóò ti béèrè orúkọ mi. Ìgbín ìbá ti lọ, ìbá ti bọ̀. Tí KVM kò bá sí, QEMU, ètò tó ń ṣe bí ẹ̀rọ fún VM, nìkan ló ń dá ẹrù náà rù: gbogbo àṣẹ tí VM bá pa fún prọ́sẹ́sọ̀, QEMU ní láti kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ kí prọ́sẹ́sọ̀ gidi tó lè ṣe é.

N ó máa pè wọ́n bí àwọn tó mọṣẹ́ ṣe ń pè wọ́n. L0 ni kọ̀ǹpútà tó ṣeé fọwọ́ kàn, ìyẹn server mi fúnra rẹ̀, L1 ni VM tó wà lórí rẹ̀, L2 ni VM tó wà nínú VM. Mo wọ inú L1, mo kọ grep -cw vmx /proc/cpuinfo, kí n fi wá ọ̀rọ̀ náà vmx nínú àpèjúwe prọ́sẹ́sọ̀ rẹ̀. Òdo ló fi dá mi lóhùn. Mo wá /dev/kvm, fáìlì tí a fi ń bá KVM sọ̀rọ̀, n kò rí i. Vmx yẹn ni àmì tí prọ́sẹ́sọ̀ Intel fi ń sọ pé òun ní VT-x, ìyẹn agbára láti gbé VM ró. Tí L1 kò bá ti rí i, kò sí bí KVM yóò ṣe ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Lórí L0 ńkọ́? Àmì náà wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ.

Ìmọ̀ràn tí mo kọ́kọ́ rí ní kí n kọ options kvm_intel nested=1, tó ń gba VM inú VM láyè, sínú fáìlì kan ní /etc/modprobe.d. Mo kọ ọ́. Mo fẹ́ yọ module náà, ìyẹn kvm_intel, apá KVM tó wà fún Intel, kí n tún fi í padà, kernel tó jẹ́ ọkàn Linux kọ̀ jálẹ̀, ó ní wọ́n ṣì ń lò ó. Òótọ́ ló sọ, VM mẹ́ta mi wà lórí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí láti wo ohun tó wà nínú /sys/module/kvm_intel/parameters/nested. Y ni, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni. Láti kernel 4.20 ni wọ́n ti ń tan án sílẹ̀ fún àwọn tó ń lo Intel, èmi ń sáré tan iná tó ti ń jó.

Mo wá ṣí XML L1, fáìlì tó ń ṣàpèjúwe ẹ̀rọ rẹ̀, pẹ̀lú virsh edit, àṣẹ libvirt. Fáìlì VM àtijọ́ kan ni mo fi ṣe àwòkọ nígbà tí mo ń dá àwọn mẹ́ta yẹn sílẹ̀, kvm64 sì ni ó yàn fún wọn ní prọ́sẹ́sọ̀. Prọ́sẹ́sọ̀ àfarawé ni kvm64. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé e kù kí VM lè ṣí láti orí kọ̀ǹpútà kan lọ sórí òmíràn láìjà, vmx kò sì sí lára ohun tó ṣẹ́ kù. Mo yí i sí host-passthrough, èyí tó ń jẹ́ kí L1 rí prọ́sẹ́sọ̀ L0 bó ṣe wà gan-an. Mo padà sínú L1, mo kọ reboot, ó lọ, ó bọ̀, mo tún béèrè. Òdo.

Àkànmú, ibí yìí ni mo ti ṣìnà. Oògùn tó yẹ ti wà lọ́wọ́ mi, mo sì jù ú nù torí pé kò jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ní BIOS ni, ètò tí kọ̀ǹpútà ń kọ́kọ́ kà kí Linux tó dìde. Mo tún server fúnra rẹ̀ tàn, mo wọ BIOS, VT-x wà ní títàn, mo jáde. Gbogbo nǹkan dìde padà, òdo ni mo ṣì ń rí. Ta ni kò ní gbà pé tí èèyàn bá ti pa odindi server tó sì tún un tàn, kò sí ohun àná tó tún lè kù sílẹ̀? Ọjọ́ kejì àti ìkẹta lọ sórí kernel tuntun, QEMU tuntun, àti ìbúra pé n ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kékeré ló là mí lójú. Ní ọjọ́ kẹrin mo kọ uptime nínú L1, láìnídìí kankan, ó ní òun ti wà lójúfò fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo kọ ọ́ lórí L0, ó ní ogójì ìṣẹ́jú. Mo tún un kọ. Ọmọ dàgbà ju ìyá tó bí i lọ!

Libvirt-guests ni. Òun ló máa ń bójú tó àwọn VM nígbà tí server bá fẹ́ pa, ON_SHUTDOWN=suspend ló sì wà nínú fáìlì rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Kì í pa VM rárá. Ńṣe ló ń mú un sùn: ó ń kó gbogbo ohun tó wà nínú RAM rẹ̀ sí dísìkì, ó sì ń kó àpèjúwe ẹ̀rọ náà mọ́ ọn bó ṣe wà kí ó tó sùn, kvm64 àti gbogbo rẹ̀. Bí server bá tún dìde, yóò jí i padà síbi tó sùn sí. Reboot tí mo kọ nínú L1 lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú L1 nìkan ló ti tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. QEMU tó gbé e ró lórí L0 kò kúrò níbi tó wà, XML tuntun kò sì lè kàn án àfi tí QEMU yẹn bá kọ́kọ́ kú. Gbogbo bí mo ṣe ń sáré yẹn, VM náà kò kú lẹ́ẹ̀kan.

Mo kọ virsh shutdown láti orí L0, mo dúró títí ó fi pa pátápátá, mo kọ virsh start. Vmx yọ, /dev/kvm yọ, L2 dìde láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi. Ká ní mo ti fi virsh dumpxml wé virsh dumpxml --inactive lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ǹ bá ti mọ̀: èkíní ń fi VM tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ hàn, èkejì ń fi èyí tí mo kọ sílẹ̀ hàn. Àwọn méjèèjì kò bára mu.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fẹ́ fẹsẹ̀ kọ́ mi lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n kò pẹ́. 192.168.122.0/24 ni libvirt máa ń lò fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì default rẹ̀, ti L0 ti gba nọ́ńbà yẹn, ti L1 náà tún fẹ́ gbà á, ó bá ń pariwo pé ẹlòmíràn ti ń lò ó. Mo fi virsh net-edit yí ti L1 sí 130 dípò 122, àti ibi tí DHCP ti ń pín àdírẹ́sì. Ó parí.

Èyí tó wá dùn mọ́ mi ni bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Prọ́sẹ́sọ̀ kò mọ ju ìpele kan lọ. Ìgbàkigbà tí L2 bá ṣe ohun tó ń fẹ́ ọwọ́ ọ̀gá, ọ̀dọ̀ L0 ni ọ̀rọ̀ náà ń já sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ L1. L0 á wá díbọ́n, á gbé e fún L1 bí ẹni pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Bí L1 bá sì ń dáhùn, ó ní láti máa ka VMCS, níbi tí VT-x ń kọ ipò VM sí, kí ó sì máa kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ìyẹn náà lè tún já sọ́wọ́ L0. Ìpè kan á di ọ̀pọ̀. Láti orí prọ́sẹ́sọ̀ Haswell ní 2013 ni Intel ti fi VMCS shadowing sínú prọ́sẹ́sọ̀ kí lílọ-bíbọ̀ yẹn lè dínkù. Àwọn oníwádìí IBM tó ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí KVM, tí wọ́n sì gbé e jáde ní 2010, pe iṣẹ́ wọn ní Turtles, ìyẹn ìjàpá, wọ́n sì ní fún àwọn iṣẹ́ tó wọ́pọ̀, ìpín 6 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló fi falẹ̀ ju VM ìpele kan lọ. Orúkọ náà pa mí lẹ́rìn-ín. Ìjàpá tiwa nínú àlọ́ kò jẹ́ gbé ẹnikẹ́ni pọ̀n láìsí ẹ̀tàn nínú rẹ̀, ẹ̀tàn gan-an sì ni L0 ń ṣe.

Ìdí tí n kò fi lè dúró di ìgbà tí a bá tún sọ̀rọ̀ nìyí: prọ́sẹ́sọ̀ AMD ni tìrẹ, kì í ṣe Intel. Svm ni àmì náà lọ́dọ̀ rẹ, kvm_amd ni module. Lórí Intel, láti kernel 5.3 àti QEMU 4.2, èèyàn lè ṣí L1 kúrò lórí server kan lọ sórí òmíràn pẹ̀lú L2 nínú rẹ̀. Fún AMD, ìwé kernel kìlọ̀ pé bí L1 bá ti lè tan L2 kan báyìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí i kúrò, kí wọ́n má sì tọ́jú rẹ̀ sí dísìkì, àfi tí L1 bá ti pa. Ẹni tó bá ṣe é lè bá kernel tó dojú dé. Títọ́jú sí dísìkì yẹn gan-an sì ni suspend tí libvirt-guests ń ṣe láìbi ọ́. Kí o tó tún server rẹ tàn, jọ̀ọ́, wo /etc/default/libvirt-guests, tàbí kí o wò ó ní /etc/sysconfig, kí o yí i sí ON_SHUTDOWN=shutdown. Fi kún SHUTDOWN_TIMEOUT pẹ̀lú, torí L1 ní láti kọ́kọ́ pa àwọn ọmọ inú rẹ̀ kí òun náà tó lè pa.

Tí o bá ti wò ó, kọ ohun tí o bá níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Lọ́tẹ̀ yìí n ó dáhùn. Bá mi kí gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Délé