Àkànní, Má Fi Ojú Nìkan Ka Orin

Àkànní ọmọ mi,

Ohun tí o kọ láti Kubwa, tí o fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú àwo orin ẹ̀rọ (electronic music) yẹn sí Yorùbá, dé ọwọ́ mi ní Kàdúná. O gbìyànjú, àmọ́ bí ẹni ń ka ewì lo ṣe kà á. Irú orin bẹ́ẹ̀ kì í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀: ìlà mẹ́jọ, nígbà mìíràn mẹ́rin, tí wọ́n ń tún wí. Ẹ̀rọ ló ń parí ohun tí ẹnu ò sọ.

Gbọ́ orin kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Lákọ̀ọ́kọ́, má wo ọ̀rọ̀ rárá. Ka ìró ìlù fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Bí o bá ka 30, ìlù 120 ni láàárín ìṣẹ́jú kan, ìwọ̀n ijó gan-an nìyẹn. Ìlù ń pe ènìyàn síta, ọ̀rọ̀ ń tì í wọlé. Ibẹ̀ ni ìbànújẹ́ orin náà wà, o ò sì mẹ́nu bà á. Lo earpiece o. Sípíkà fóònù kò lè gbé báàsì tó wà nísàlẹ̀ gan-an, bíi 50 Hz, jáde, bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá sì ń dún, òun ni báàsì tí wàá máa gbọ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, mú ọ̀rọ̀ náà dání. Ka iye ìgbà tí ègbè wá, kí o kọ ohun tó yí padà lábẹ́ rẹ̀. Bí ohùn bá sún mọ́ ọ tó bí ẹni ń mí sí ọ létí, ìwọ ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí gbohùngbohùn (echo) bá wá gbé ègbè kan náà fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, bíi nínú gbọ̀ngàn òfìfo, ẹni tó ń bá wí ti lọ.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni kí o tó túmọ̀. “You” Gẹ̀ẹ́sì kò sọ bóyá ẹnì kan ni tàbí ọ̀pọ̀, ọmọdé tàbí àgbà. “Ìwọ” lo pe gbogbo rẹ̀, o wá sọ ọ́ di olólùfẹ́. Ó lè jẹ́ ìyá olórin, ó sì lè jẹ́ òun fúnra rẹ̀. “I miss you” náà, “mo pàdánù rẹ” kọ́, àfi bí ẹni náà bá ti kú. “Àárò rẹ ń sọ mí” ni.

O ní o fẹ́ fi Yorùbá kọ irú rẹ̀, kí o fi vocoder, ẹ̀rọ tó ń mú kí dùùrù dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀, sí i. Ṣọ́ra. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni vocoder ń gbà, dùùrù ló ń fún un ní òkè àti ìsàlẹ̀. “Ìgbà ti lọ”: dò dò ni “ìgbà.” Bí ìka rẹ bá tẹ re mí, igbá ló lọ, ẹkún á sì di ẹ̀rín. Ohun tó ba ọ̀pọ̀ orin ìyìn tí wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì kọ jẹ́ nìyẹn, tí T. K. Ekundayo Phillips, atẹdùúrù Christ Church Cathedral ní Èkó, fi ní kí ohùn orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Auto-Tune, ẹ̀rọ tó ń tún ohùn olórin ṣe, ńkọ́? Má gbé retune speed, ìyẹn bó ṣe ń yára tún ohùn ṣe tó, sí 0 tó yára jù. “Lú” inú “ìlú” máa ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ ni, 0 á gé àtẹ̀gùn yẹn kúrò. Bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 40, kí o fi etí tún un ṣe.

O ní orin kẹrin ń pa ọ́ lẹ́kún. Ọ̀sán ni kí o gbọ́ tìyẹn, má fi í sùn. Fi iye ègbè rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Sátidé. Ọyẹ́ ti mú níbí, fi òrí pa ètè.

Ìyá rẹ