Ẹ̀sùn lórí bíréèkì Hiace: ọ́ìlì tí ẹ dà sí i ló ba rọ́bà jẹ́, kì í ṣe másítà ló kú

Sabo, Ṣágámù,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Oṣù Agẹmọ, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Àtúnṣe Ọkọ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì Toyota Hiace wa tó ń ná ọ̀nà Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde la fi ń kọ̀wé sí yín. Ọ̀dọ̀ yín la ti pààrọ̀ pádì iwájú àti bàtà bíréèkì ẹ̀yìn, ó sì wà nínú rísíìtì pé ẹ fi ọ́ìlì bíréèkì kún un. Pẹ́dà dára nígbà tí a gbé e kúrò. Kò pẹ́ tí pẹ́dà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ga, tó le gbagidi, tí táyà iwájú méjèèjì ń gbóná tí wọ́n sì ń rùn. Bí ọkọ̀ bá sinmi tó tutù, á tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Kó tó dé Odógbolú, ó ti tún dì.

Èsì tí ọ̀gá mẹkáníìkì yín fún wa ni pé másítà, ìyẹn sìlíńdà tí pẹ́dà fi ń ti ọ́ìlì lọ sí bíréèkì, ti kú, ká lọ ra tuntun, àti pé dírẹ́bà wa ló ń gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì. A ò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì rèé.

A gbé ọkọ̀ náà sórí sítáǹdì nígbà tó ṣì dì, a ń fọwọ́ yí táyà. Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ fura sí ni irin tó ti inú booster (ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára ẹsẹ̀ lórí pẹ́dà) wọ ẹ̀yìn másítà, torí bó bá gùn jù, kò ní jẹ́ kí piston, irin tó ń ti ọ́ìlì nínú másítà, padà dé ìdí. A tú nọ́ọ̀tì tó de másítà mọ́ booster, a fà á síwájú díẹ̀. Táyà ò tú. Irin yẹn kò jẹ̀bi. A wá tú páìpù lára másítà: ọ́ìlì tú jáde pẹ̀lú agbára, táyà iwájú méjèèjì sì yí wọ̀ọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní họ́ọ̀sì (páìpù rọ́bà tó lọ síbi táyà) ló dí nínú ni, títú páìpù lókè kò ní ràn án, àfi kí a tú nípù, ìyẹn ibi tí ọ́ìlì ń gbà jáde lára kálípà tó ń ti pádì mọ́ dísìkì. Ká ní piston kálípà ló há, nípù gan-an kò ní tú u. Inú másítà ni agbára náà há sí.

Dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ wa àti ti mẹkáníìkì yín bára mu. Kí ló wá há a? Ihò tíntìnnì kan wà nínú másítà, níwájú rọ́bà piston, tí ọ́ìlì ń gbà padà sínú ike ọ́ìlì tó wà lókè bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lórí pẹ́dà. Bí rọ́bà bá wú díẹ̀ péré, ó ti bo ihò náà. Ọ́ìlì tó gbóná á fẹ̀, kò ní ríbi gbà, á máa ti pádì mọ́ dísìkì. Pádì tó ń ha dísìkì á tún mú ooru wá, ooru á tún mú ọ́ìlì fẹ̀ sí i. Ẹsẹ̀ dírẹ́bà kò sí níbẹ̀ rárá.

Rọ́bà kì í sì í ṣàdédé wú. Ẹ ṣí ìdérí ike ọ́ìlì náà wò. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti fẹ̀ débi pé kò wọ àyè rẹ̀ mọ́, etí rẹ̀ ká wúruwùru, bí ẹ bá sì fi èékánná ha á, dúdú rẹ̀ á bọ́ sí yín lọ́wọ́. A fi síríńjì fa ọ́ìlì díẹ̀ níbẹ̀, a kán an sínú gíláàsì omi. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní glycol ni wọ́n fi ń ṣe ọ́ìlì bíréèkì oríṣi DOT 3 àti DOT 4, wọ́n máa ń pò mọ́ omi pátápátá. Tinú ọkọ̀ wa yìí, apá kan pò, apá kejì léfòó sójú omi, ó pupa, ó ń dán. A kán ti bọ́ọ̀sì wa kejì tí kò dé ọ̀dọ̀ yín rí, kò sóhun tó léfòó. Ọ́ìlì jíà ọ̀tọmátíìkì tàbí ti páwà sitiárìn ló ń pupa bẹ́ẹ̀, ara epo rọ̀bì ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Oríṣi rọ́bà tí wọ́n ń pè ní EPDM ni rọ́bà bíréèkì, òun àti epo rọ̀bì kì í gbé pọ̀.

Kẹ́ẹ̀gì tí kò ní orúkọ kankan lára, tí kò sì ní ìdérí, ni àwọn ọmọṣẹ́ yín ń bu ọ́ìlì nínú rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní DOT 3 gidi ló wà níbẹ̀, a ò ní fẹ́ ẹ. Ọ́ìlì bíréèkì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ẹ sì mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ ní Rẹ́mọ lásìkò yìí. DOT 3 tuntun kò gbọ́dọ̀ hó kó tó dé 205°C. Bó bá ti mu omi, òṣùwọ̀n rẹ̀ já sí 140°C. Ti DOT 4 jẹ́ 230°C àti 155°C. Bíréèkì tó ń dì mọ́ra lè gbóná kọjá ìyẹn láìpẹ́. Bí ọ́ìlì bá hó, oru ni yóò wà nínú páìpù, oru sì ṣeé tẹ̀ pọ̀: pẹ́dà á wọlẹ̀ wọọrọ, ọkọ̀ kò ní dúró. Èrò méjìdínlógún ló ń wọ ọkọ̀ yìí.

Ẹ wá ní ká ra másítà tuntun nìkan. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Ọ́ìlì pupa tó ṣẹ́ kù sínú páìpù àti kálípà yóò padà bá másítà tuntun náà, rọ́bà tirẹ̀ náà á wú.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni kí ẹ pààrọ̀ gbogbo ohun tó ní rọ́bà tí ọ́ìlì yẹn ti kàn: másítà, rọ́bà abẹ́ ìdérí, síìlì kálípà méjèèjì, sìlíńdà ẹ̀yìn méjèèjì, gbogbo họ́ọ̀sì, àti vọ́ọ̀fù tó ń wo ìwúwo ẹrù lẹ́yìn. (Ọkọ̀ náà kò ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyẹn, owó náà ì bá jù báyìí lọ.) Sípíríìtì ni kí ẹ fi fọ páìpù irin, kí ẹ fẹ́ ẹ gbẹ. Ẹ má fi pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì fọ ọ́ o, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n pẹ̀lú ohun tó ba rọ́bà jẹ́. Kí ẹ lé afẹ́fẹ́ inú másítà tuntun jáde lórí tábìlì kí ẹ tó dè é mọ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ bílíìdì (lílé afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde) láti ẹsẹ̀ tó jìnnà sí másítà jù, kí ẹ ti nípù pa kí ẹni tó wà lórí pẹ́dà tó gbé ẹsẹ̀. Ìgò DOT 3 tí èdìdì rẹ̀ kò tíì já la fẹ́, lítà méjì kò pọ̀ jù, a sì fẹ́ kí ẹ ṣí i lójú wa. Pádì tí ẹ fi sí i ti jóná, ojú rẹ̀ ń dán bíi díńgí. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wọn dísìkì, ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín jù ú lọ wà lára rẹ̀.

Nǹkan kan tún kù. Ọ̀pá kékeré tó so vọ́ọ̀fù ẹrù yẹn mọ́ àsì ẹ̀yìn ti já, wáyà ni ọmọṣẹ́ yín fi dè é. Bí ọkọ̀ bá kún fún èrò àti àpò gàrí, vọ́ọ̀fù kò ní mọ̀, bíréèkì ẹ̀yìn kò ní rí agbára tó yẹ, iwájú ni yóò máa dá ru gbogbo rẹ̀.

Owó yín ni kí ẹ fi ṣe àtúnṣe yìí, kí ẹ sì dá owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ padà fún wa. Kí ẹ tún pe àwọn oníbàárà mìíràn tí ẹ bu ọ́ìlì kẹ́ẹ̀gì yẹn fún, kí wọ́n yé gun ọkọ̀ wọn títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a kò bá gba èsì yín lórí ìwé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, a ó gbé ẹ̀sùn náà lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà, lábẹ́ òfin ọdún 2018 tó dáàbò bo oníbàárà.

Ọkọ̀ náà wà lórí sítáǹdì, a ò tíì tú ohunkóhun mọ́ lára rẹ̀. Ìgò ọ́ìlì tí a fà nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, a ti dé e pa. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú ọ́ìlì kẹ́ẹ̀gì yín dání. Àwa ó pèsè gíláàsì àti omi.

Àwa ni tiyín,
Àwọn tó ni ọkọ̀ náà.