Ìgbéyàwó inú ọgbà aláró: ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á tán

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú ẹgbẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, akọ̀wé yín ni. Ìgbéyàwó ọmọ ẹgbẹ́ wa ti di Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí, aago 11 àárọ̀, kì í ṣe họ́ọ̀lù o, inú ọgbà tí ìyàwó ti ń ṣe àdìrẹ n'Íjẹ̀bú-Òde ni. (Màmá ìyàwó kọ́kọ́ fajúro, wọ́n ti gbà báyìí.)

Kò s'áṣọ ẹbí. Ẹ wọ funfun tí ò ní dùn yín tí aró bá ta sí i, torí wọ́n máa tẹ́ aṣọ funfun yáàdì márùn-ún sórí tábìlì, kálukú á ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ láfún (òun ni kì í jẹ́ kí aró mú ibi tá a bá yà), á ya ohun tó bá wù ú sí i, tó bá gbẹ tán tọkọtìyàwó á jọ rẹ ẹ́ sínú aró, ìyẹn ló máa di aṣọ ibùsùn wọn. Èmi ìjàpá ni mo fẹ́ yà, ẹ má jí i lò o.

Ìkọ́kọrẹ́ ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ. Ẹ má náwó nítòsí tábìlì yẹn, náírà á lẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ.

5,000 náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀bùn ẹgbẹ́, kó dọ́wọ́ akápò kó tó di Wẹ́sidé. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ kọ ọ́ síbí, kẹ́ ẹ sọ iye ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń kó bọ̀, ká lè mọ iye ìyẹ́ adìẹ tá a máa wá.