Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi lórí ẹ̀rọ tí ń bá bíríkìlà gbé búlọ́ọ̀kù

Ìkéré-Èkìtì

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí.

Ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ Construction Robotics ni mo fẹ́ bá ọ sọ, èyí tí ó wà ní Victor, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, tí kò jìnnà sí Rochester tí o ń gbé. Ọdún 2007 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti máa ṣe róbọ́ọ̀tì fún iṣẹ́ ilé kíkọ́. SAM, róbọ́ọ̀tì wọn tí ń to bíríkì, ni ó sọ wọ́n di olókìkí: ó ń mú bíríkì, ó ń fi àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì sí i lára, ó sì ń tò ó sórí ògiri, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń kó bíríkì fún un, ènìyàn náà ni ó sì ń tẹ̀lé e láti fá ojú ìsopọ̀ kí ó lè dán.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ bíríkì tí gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Búlọ́ọ̀kù tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, o ṣáà mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀kan bá wọlẹ̀, bíríkìlà yóò fi kún àpòpọ̀ ìdí rẹ̀. Bí òmíràn bá yọ, yóò fi ìdí tráwẹ́lì kàn án mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi bá okùn mu.

MULE, ẹ̀rọ wọn kejì, ni ó gbà mí lọ́kàn. Kì í to ògiri rárá. Apá irin ni, tí ń gbé ẹrù tó nǹkan bí kílò 61 dúró, tí òṣìṣẹ́ yóò sì máa fi ọwọ́ darí rẹ̀ bí ẹni pé kò wúwo. Bíríkìlà ṣì ni ó ń pinnu ibi tí búlọ́ọ̀kù yóò jókòó sí. Ìwúwo nìkan ni ẹ̀rọ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwọ náà ti ká àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo ṣe òṣùká rí, tí o gbé búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì mẹ́sàn-án tí kò tíì gbẹ tán lé e, tí o sì fi gun pákó lọ bá ọ̀gá lókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ṣì ń ṣe, tí ọwọ́ wọn yóò fi máa wá ìbàdí bí ọ̀sán bá ti pọ́n. Kì í ṣe ojú ni ó ń lé àwọn àgbà bíríkìlà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wa, ìbàdí ni. Wọ́n ṣì lè wo ògiri láìlo ìwọ̀n kí wọ́n sì mọ̀ pé ó ti tẹ̀, síbẹ̀ wọ́n jókòó sílé nítorí pé wọn kò lè gbé búlọ́ọ̀kù mọ́, ọgbọ́n wọn sì ń bá wọn jókòó sílé. Èyí dùn mí gan-an. Ẹ̀rọ tí ó bá lè mú irú wọn padà sídìí ògiri yẹ kí a wá a kàn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, bí o bá rí ibi tí wọ́n ti ń lo MULE, bá mi bi àwọn bíríkìlà tí ó ti dàgbà níbẹ̀ bí ara ṣe rí fún wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ń lò ó. Wo bí wọ́n ṣe ń tì í láti ibì kan dé òmíràn, àti irú ilẹ̀ tí wọ́n gbé e lé, nítorí o mọ bí ilẹ̀ Ìkéré ṣe kún fún àpáta àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ya àwòrán oríkèé apá náà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú, kí n fi han wẹ́dà tí ń bá mi ṣiṣẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.