Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Wà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì, Ṣùgbọ́n Dátà Kì Í Ṣe Ọ̀fẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, kí n lè bá àwọn òbí, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi àti àwọn tí ètò ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn wà ní ìkáwọ́ wọn sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Abẹ́òkúta.

Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí ni ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aró ní Ìtòkú. Ó mọ̀ pé olùkọ́ kẹ́mísìrì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ó sì wá bá mi nílé pé, “Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí aṣọ àdìrẹ fi máa ń dà bí ewé nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ nínú ìkòkò aró, tí yóò sì di búlúù kí á tó sá a tán?” Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ fún un pé bí aró ṣe ń ṣe nìyẹn. Òótọ́ ni ọ̀gá sọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà fẹ́ mọ ìdí. Ó ti kọ́kọ́ wá ìdáhùn lórí fóònù rẹ̀, ó sì rí ẹ̀kọ́ kan tó dára lórí bí ọ́síjìn ṣe ń yí nǹkan padà, àmọ́ dátà rẹ̀ tán kí ẹ̀kọ́ náà tó dé ìdajì, ìwọ̀nba tó sì gbọ́ níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé e ni.

A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, mo sì ṣàlàyé fún un ní Yorùbá. Mo ní búlúù tó wà nínú ẹ̀lú kì í yòrò nínú omi, nítorí náà kò lè wọ inú òwú aṣọ bó ṣe wà. Kọ́sítíìkì àti èròjà tí wọ́n ń bù mọ́ ọn ló ń sọ ọ́ di irú èyí tó lè yòrò, tí àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe búlúù mọ́. Ní ayé àwọn ìyá wa, omi eérú àti ẹ̀lú tí wọ́n rẹ títí tó fi kan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí aṣọ bá wá jáde sínú afẹ́fẹ́, ọ́síjìn yóò sọ ohun tó ti wọ inú òwú náà di búlúù padà, kò sì ní yòrò mọ́, ìdí sì nìyẹn tí omi kì í fi í fọ aró dáadáa kúrò lára aṣọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní òun ti mọ ìdí tí ọ̀gá òun fi máa ń bínú bí àwọn bá po ìkòkò aró jù: afẹ́fẹ́ ni àwọn ń pò mọ́ ọn. N kò sọ èyí fún un o. Òun fúnra rẹ̀ ló rò ó débẹ̀.

Irú ẹ̀kọ́ tí ọmọ yìí ń wá kò ṣọ̀wọ́n rárá. Láti 2001 ni yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ti kéde pé òun yóò máa gbé àwọn ẹ̀kọ́ òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, wọ́n sì ti ju 2,500 lọ báyìí, láti orí ìṣirò àti ìmọ̀ ẹ̀rọ dé orí orin, èdè àti ìtàn. Ará Amẹ́ríkà kan, Salman Khan, bẹ̀rẹ̀ ní 2004 pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń kọ́ ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn. Khan Academy, ilé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó dá sílẹ̀ ní 2008, ń kọ́ ọmọ láti ení-èjì títí dé ìṣirò yunifásítì, kò sì gba kọ́bọ̀. Yunifásítì Rice náà ń ṣe ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n pè ní OpenStax. Ní àwọn ibòmíràn, ẹ̀kọ́ lè jẹ́ ọ̀fẹ́ kí wọ́n sì gba owó ìwé ẹ̀rí, kí àwọn òbí fi èyí sọ́kàn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí á gbé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí wá sí ìtòsí àwọn ọmọ láìsí dátà, nítorí ó ṣeé ṣe. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Kolibri, tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kó ẹ̀kọ́ Khan Academy àti òmíràn pamọ́ sínú, tí fóònù gbogbo tó wà ní yàrá náà yóò sì máa wò ó láti ara Wi-Fi láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kiwix ń ṣe bákan náà fún Wikipedia. Bí ilé ìkàwé àti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìbarà, ní Láfẹ́nwá àti káàkiri bá ní kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré àti sólà tí yóò máa gbé wọn nígbà tí iná kò bá sí, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù péré ni a ó nílò láti ra dátà láti fi kó ẹ̀kọ́ tuntun sí i.

Ọ̀rọ̀ èdè ló ká mi lára jù. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà sì ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìlú wa yìí náà ni òyìnbó míṣọ́nárì Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Yorùbá ní 1859. MIT gbà kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ wọn, bí kò bá ti tà á, tó sọ ibi tó ti mú un, tó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn náà lò ó bẹ́ẹ̀. Bí olúkúlùkù àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀ bá túmọ̀ ẹ̀kọ́ kan péré kó tó jáde, tó sì fi ohùn ara rẹ̀ ká a sílẹ̀, a kò ní pẹ́ ní ohun tó pọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan gbà pé fóònù ló ń ba ọmọ jẹ́. Fóònù ti wà lọ́wọ́ wọn ná; ohun tó yẹ kí á bójú tó ni ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀, àti pé kí àgbàlagbà kan wà nítòsí tí wọ́n lè bi léèrè.

Bí ilé ìkàwé kan ní Abẹ́òkúta bá gbà láti fi tábìlì kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, èmi yóò máa wà níbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé láti ṣàlàyé kẹ́mísìrì ní Yorùbá fún ẹni tó bá fẹ́, n kò sì ní gba owó. Ọmọ aláró Ìtòkú ti ní òun ni yóò kọ́kọ́ dé, nítorí ó tún fẹ́ mọ ìdí tí ẹ̀kọ láfún kì í fi í jẹ́ kí aró mú ibi tí wọ́n bá fi kùn lára aṣọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kẹ́mísìrì tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Ìlewọ̀, Abẹ́òkúta.